Jacques Herbrand

Jacques Herbrand (12 Oṣù Kejì 1908 – 27 Oṣù Keje 1931) jẹ́ onímọ̀ ìṣirò ọmọ ilẹ̀ Faransé. Ìlú Paris ni wọ́n bí i sí. Ọmọ ọdún 17 ni nígbà tí ó gba ipò kìn-ín-ní nínú ìdánwò àtiwọ École Normale Supérieure.

Tíọ́rẹ́mù Herbrand, tí a fi ń rántí rẹ̀ jù, wà nínú àpilẹ̀kọ oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ ti ọdún 1930. Òfin pé bàbá bàbá ẹni ni bàbá àgbà ẹni kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n a lè fi Adé, Òjó àti Àjàyí sí i, kí ó di gbólóhùn tí a lè yẹ̀ wò. Herbrand fi hàn pé bí irú àwọn òfin bẹ́ẹ̀ bá tako ara wọn, ìwọ̀nba gbólóhùn tí ó níye tó láti tú àtakò náà fó.

Ó lọ kẹ́kọ̀ọ́ sí i ní Jámánì, lọ́dọ̀ John von Neumann, Emil Artin àti Emmy Noether. Ní ìpadàbọ̀ rẹ̀, ó kú sínú ìjàm̀bá níbi tí ó ti ń gun òkè Alps. Ọmọ ọdún 23 péré ni. Àṣìṣe kan wà nínú ẹ̀rí rẹ̀ tí kò sí láyé mọ́ láti tún ṣe; ọdún 1963 ni àwọn mìíràn tó tẹ̀ ẹ́ jáde, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé tíọ́rẹ́mù náà tọ̀nà.

Lórí iṣẹ́ yìí ni J. A. Robinson gbé ọ̀nà ìfàyọ rẹ̀ kà ní ọdún 1965, èyí tí Prolog wá lò. Bí èdè Datalog bá sì ń fa ìmọ̀ tuntun yọ láti inú ontology, àwọn orúkọ tí ó wà nílẹ̀ nìkan ni ó ń fi sínú òfin. Wọ́n níye, ìdí nìyí tí iṣẹ́ náà fi máa ń parí.