Sulaimanu ọmọ Aliyu

Sulaimanu ọmọ Aliyu jẹ́ Ẹ́míà Ìlọrin láti ọdún 1896 títí di ọdún 1915. Nígbà tó gorí oyè, ọwọ́ àwọn Balógun ni agbára ìlú wà ju ààfin lọ. Ní oṣù kejì ọdún 1897, George Goldie kó ọmọ ogun Royal Niger Company wọ ilẹ̀ Ìlọrin lẹ́yìn tí wọ́n ṣẹ́gun Bídà. Igbó kìjikìji ló máa ń dín agbára àwọn ẹlẹ́ṣin Ìlọrin kù tẹ́lẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, pápá gbalasa tó bá ẹṣin mu kò gbà wọ́n. Ìbọn Maxim dá wọn dúró lókèèrè, ibi tí ọ̀kọ̀ àti ìbọn ṣakabùlà kò lè dé. Àgbá sì sọ iná sí ìlú. Sulaimanu tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn, wọ́n sì fi í sílẹ̀ lórí oyè. Shuaibu Bawa ló jẹ lẹ́yìn rẹ̀.