Ojú Kan Tó Rí Ohun Tójú Méjì Ò Rí

Ọmọ ọdún 11 ni Denis Burkitt, ọmọ ilẹ̀ Ireland, nígbà tójú rẹ̀ kan fọ́. Síbẹ̀, ó di oníṣẹ́ abẹ. Ní 1957, nílé ìwòsàn Mulago ní Kampala, Ùgáńdà, ó rí ọmọ kan tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú lọ́tùn-ún lósì. Jẹjẹrẹ ni.

Owó ìwádìí ò tó nǹkan. Ló bá ń kọ̀wé sáwọn ilé ìwòsàn káàkiri Áfíríkà, ó ń bi wọ́n bóyá wọ́n ti rí irú ẹ̀. Ní 1961, òun àti dókítà méjì fi ọkọ̀ àlòkù rin nǹkan bíi máìlì 10,000. Wọ́n rí i pé ibi tó móoru, tójò ti ń rọ̀, tí ibà pọ̀ sí, ni àrùn náà wà. Ó fi oògùn tọ́jú àwọn ọmọ náà, àwọn kan sì yè é.

Ó kú ní 1993, àmọ́ orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pe àrùn náà dòní.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, tẹ́nì kan bá ní irinṣẹ́ ò pé ní láàbù wa, èmi á ní lẹ́tà àti ọkọ̀ àlòkù ni Burkitt fi ṣiṣẹ́ tiẹ̀.