Walter Tull: Ọmọ Òrukàn tí Ìjọ Tọ́, tó Kú sí Ojú Ogun

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹnìkan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í wò ó. Àwa tí a ti fi ọ̀pọ̀ ọdún dúró níwájú ọmọ ilé ìwé kí a tó fẹ̀yìn tì mọ̀ pé òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. A ti rí ọmọ òrukàn tó jókòó sí ẹ̀yìn kíláàsì, tí kò ní ìwé, tí kò jẹun àárọ̀, tí ẹnikẹ́ni kò rò pé yóò di ènìyàn. Ìdí nìyí tí a fi yan ìtàn ọmọ òrukàn kan fún yín lọ́tẹ̀ yìí. Walter Tull ni orúkọ rẹ̀. Ilé àwọn ọmọ òrukàn ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni ó gbé dàgbà, ojú ogun ni ó sì kú sí nígbà tí kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún.

Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹrin ọdún 1888 ni wọ́n bí Walter ní ìlú Folkestone, tó wà ní etí òkun ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Káfíńtà ni Daniel, bàbá rẹ̀. Láti erékùṣù Barbados ni Daniel ti wá, ẹrú sì ni bàbá tó bí Daniel kí òmìnira tó dé. Alice, ìyá Walter, jẹ́ òyìnbó, ọmọ agbègbè Kent. Nítorí náà, aláwọ̀ dúdú ni gbogbo ènìyàn ka Walter sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n bí i sí, tí kò sì mọ ibòmíràn.

Ní ọdún 1895, àrùn jẹjẹrẹ pa Alice. Walter kò tíì ju ọmọ ọdún méje lọ nígbà náà. Daniel fẹ́ Clara, tó jẹ́ ìbátan Alice, kí àwọn ọmọ má baà wà láìní ìyá, Clara sì bí ọmọbìnrin kan fún un. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1897, àrùn ọkàn pa Daniel náà. Báyìí ni Clara di opó, ọmọ mẹ́fà sì wà lọ́rùn rẹ̀. Ọ̀kan péré ni òun fúnra rẹ̀ bí nínú wọn.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbí. Nínú ìtàn tiwa, ìyàwó bàbá kì í sábà ní orúkọ rere. Ṣùgbọ́n kí ni Clara ì bá ṣe? Ẹni tó ń mú owó wọlé ti kú, ọmọ mẹ́fà sì fẹ́ jẹun lálẹ́. Obìnrin náà gbìyànjú, apá rẹ̀ kò ká a. Nígbà tó rí i pé ebi yóò pa gbogbo wọn, ó gbà pé kí méjì nínú wọn lọ síbi tí wọn yóò ti rí ìtọ́jú. Edward àti Walter ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Opó tó wà nínú irú ipò yìí nìkan ló mọ bí omijé yẹn ṣe korò tó.

Ìjọ ló ràn wọ́n lọ́wọ́. Ní oṣù kejì ọdún 1898, wọ́n mú àwọn ọmọkùnrin méjèèjì lọ sí ilé àwọn ọmọ òrukàn tó wà ní Bethnal Green, ní apá ìlà-oòrùn ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Òjíṣẹ́ Ọlọ́run kan nínú ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, Thomas Bowman Stephenson, ló dá ilé náà sílẹ̀ ní ọdún 1869, nígbà tí àánú àwọn ọmọ tó ń sùn sí títì ṣe é. Ilé kan tí wọ́n ti ń so ẹṣin rí ni wọ́n tún ṣe fi bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe owó ńlá ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ọkàn tó rí ọmọ ọlọ́mọ bí ọmọ tirẹ̀ ni.

Nínú ilé yìí, àwọn ọmọ ń kọ́ ìwé, wọ́n ń kọ́ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run, wọ́n sì ń kọ́ iṣẹ́ ọwọ́. Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni Walter kọ́. Ṣùgbọ́n ìbànújẹ́ mìíràn tún dé. Ní ọdún 1900, ìdílé kan ní ìlú Glasgow, ìdílé Warnock, gba Edward ṣọmọ. Wọ́n tọ́ ọ dáadáa, ó sì di dókítà eyín. Walter nìkan ló kù ní Lọ́ńdọ̀nù, ọmọ ọdún méjìlá. Ìyá ti lọ, bàbá ti lọ, ẹ̀gbọ́n tó ń fẹ̀yìn tì náà tún ti lọ. Síbẹ̀ àwọn méjèèjì kò gbàgbé ara wọn títí ọjọ́ ikú Walter.

Bọ́ọ̀lù ni Walter fẹ́ràn jù. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ilé ọmọ òrukàn náà ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1908, ẹgbẹ́ Clapton gbà á, ife mẹ́ta ni wọ́n sì gbà ní sáà kan ṣoṣo. Ní ọdún 1909, ẹgbẹ́ ńlá Tottenham Hotspur pè é. Wọ́n fún un ní £10 nígbà tó fọwọ́ síwèé, £4 sì ni owó rẹ̀ lọ́sẹ̀, èyí tó pọ̀ jù tí òfin gbà kí agbábọ́ọ̀lù gbà nígbà náà. Ó bá wọn rìnrìn àjò lọ sí Argentina àti Uruguay. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí aláwọ̀ dúdú mìíràn tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní ìpele tó ga jù lọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lásìkò náà.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1909, wọ́n lọ gbá bọ́ọ̀lù ní ìlú Bristol. Àwọn kan nínú òǹwòran bẹ̀rẹ̀ sí bú u nítorí àwọ̀ rẹ̀, èébú tí kò ṣe é gbọ́ sétí. Walter kò dá wọn lóhùn. Bọ́ọ̀lù rẹ̀ ni ó ń gbá, débi pé akọ̀ròyìn kan tó wà níbẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn pé àpẹẹrẹ rere ni ó jẹ́ fún gbogbo òyìnbó tó ń gbá bọ́ọ̀lù. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ ní Tottenham. Ní ọdún 1911, ó lọ sí ẹgbẹ́ Northampton Town, ìgbà tó sì gbá bọ́ọ̀lù fún wọn ju 100 lọ.

Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1914, Walter fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀, ó sì wọ iṣẹ́ ológun ní oṣù kejìlá ọdún náà. Ẹgbẹ́ ọmọ ogun Middlesex tí àwọn agbábọ́ọ̀lù pọ̀ sí ni ó wọ̀. Kò pẹ́ tó fi di sájẹ́ǹtì. Ní ilẹ̀ Faransé, inú yàrà tí wọ́n gbẹ́ sínú ilẹ̀ ni wọ́n ń gbé, nínú ẹrẹ̀ àti òtútù, àgbá sì ń dún lórí wọn tọ̀sán-tòru. Ní ọdún 1916, ariwo àti ẹ̀rù ogun náà da ọkàn rẹ̀ láàmú, wọ́n sì dá a padà sílé láti gba ìtọ́jú. Ara rẹ̀ yá, ó padà sójú ogun ní Somme, níbi tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ènìyàn ti ṣègbé. Akíkanjú kì í ṣe ẹni tí ẹ̀rù kì í bà. Ẹni tí ẹ̀rù bà tó sì tún dìde ni.

Àwọn ọ̀gá rẹ̀ rí i pé ó lè darí ènìyàn. Ṣùgbọ́n ìwé òfin àwọn ológun Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà kò fẹ́ kí aláwọ̀ dúdú di ọ̀gá tí yóò pàṣẹ fún ọmọ ogun. Síbẹ̀, wọ́n rán Walter lọ kọ́ṣẹ́ ọ̀gá ní ilẹ̀ Skọ́tíláǹdì, ní oṣù karùn-ún ọdún 1917 wọ́n sì fi oyè Second Lieutenant dá a lọ́lá. Ó di ọ̀kan nínú àwọn aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó darí àwọn òyìnbó lójú ìjà nínú ẹgbẹ́ ogun Gẹ̀ẹ́sì.

Ní ìparí ọdún náà, wọ́n kó wọn lọ sí ilẹ̀ Ítálì, sí etí odò Piave. Odò náà tutù bí yìnyín, ó sì ń ṣàn kíkankíkan, àwọn ọ̀tá sì wà ní òdìkejì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1918, Walter kó ọmọ ogun 26 sọdá odò náà lóru. Láìka ìbọn tó ń rọ̀ bí òjò sí, ó kó gbogbo wọn padà láìsí ẹni tó fara pa. Ọmọ ìyá 26 ni wọ́n o. Ọ̀gá àgbà wọn, Sydney Lawford, yìn ín fún ìgboyà àti ìfarabalẹ̀ rẹ̀.

Ní oṣù kẹta ọdún 1918, wọ́n padà sí ilẹ̀ Faransé. Ní ọjọ́ 21 oṣù náà, àwọn ará Jámánì gbé ogun ńlá dìde, àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì ń fà sẹ́yìn. Ní ọjọ́ 25, nítòsí abúlé Favreuil, ìbọn ba Walter, ó sì kú. Ikú ogun ní í pa akíkanjú, ikú odò ní í pa òmùwẹ̀. Àwọn ọmọ ogun rẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ débi pé wọ́n fi ẹ̀mí ara wọn wéwu láti gbé òkú rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn tó jẹ́ agbábọ́ọ̀lù rí, Tom Billingham, wà lára àwọn tó gbìyànjú, ṣùgbọ́n ọ̀tá ti sún mọ́ wọn jù. Wọn kò rí òkú rẹ̀ sin títí di òní. Orúkọ rẹ̀ nìkan ni wọ́n gbẹ́ sára ògiri ìrántí ní ìlú Arras, láàárín orúkọ nǹkan bí 35,000 mìíràn tí kò ní sàréè.

Ọ̀gá kan nínú ẹgbẹ́ ogun rẹ̀ kọ lẹ́tà sí Edward ní Glasgow. Ó sọ bí gbogbo wọn ṣe fẹ́ràn Walter, ó sì sọ pé wọ́n ti dárúkọ rẹ̀ fún àmì ẹ̀yẹ Military Cross. Wọn kò fún un ní àmì ẹ̀yẹ náà. Ọ̀pọ̀ ọdún ni orúkọ rẹ̀ fi wà nínú òkùnkùn, kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó tún jí dìde. Ní ọdún 1999, wọ́n ṣí ògiri ìrántí rẹ̀ lẹ́bàá pápá bọ́ọ̀lù Northampton, ní ọdún 2014 sì ni wọ́n rọ owó ẹyọ £5 ní ìrántí rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ wo ni àwa ìyá rí kọ́? Èkínní, kí a má ṣe yára dá opó lẹ́jọ́. Kí a bi í léèrè ohun tí ọmọ rẹ̀ yóò jẹ lálẹ́ kí a tó sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn. Ká ní ẹgbẹ́ obìnrin kan ti gbé oúnjẹ ọ̀sẹ̀ méjì-mẹ́ta lọ fún Clara, bóyá Edward àti Walter ì bá má fi ilé sílẹ̀. Èkejì, àwọn tó gba Walter sílé kò mọ ẹni tí wọ́n gbà. Ọmọ tí ebi ń pa ni wọ́n rí. Ogún ọdún lẹ́yìn náà, ìyá 26 rí ọmọ tiwọn kí káàbọ̀ láti odò Piave, nítorí pé ẹnìkan ti tọ́ ọmọ tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ọmọ òrukàn wà ní àdúgbò wa. Ó wà nínú ìjọ wa, bóyá ní ìjókòó ẹ̀yìn. Kí a tó tún pàdé nínú ìwé yìí, ẹ jẹ́ kí olúkúlùkù wa wá ọ̀kan rí, kí a mọ orúkọ rẹ̀, kí a mọ ilé tó ń sùn sí, kí a sì ṣe ohun tí agbára wa ká. Olúwa yóò wo àwọn ọmọ tiwa náà níbi tí ojú wa kò tó. Àmín.