Fred McDowell: Àlejò Tó Di Ohùn Ìlú Como

Ìtàn tí a gbé wá lọ́sẹ̀ yìí jẹ́ ti ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan ní Amẹ́ríkà, àgbẹ̀ olówùú tó ń ta gìtá. Mississippi Fred McDowell ni wọ́n ń pè é, bẹ́ẹ̀ Mississippi kọ́ ni wọ́n bí i sí. Ọmọ Rossville ní ìpínlẹ̀ Tennessee ni. Ilẹ̀ tó lọ ṣe àlejò ló fún un lórúkọ.

Ní nǹkan bí ọdún 1904 ni wọ́n bí i. Àgbẹ̀ ni àwọn òbí rẹ̀, àwọn méjèèjì sì kú nígbà tó ṣì kéré. Bàbá kan nínú ẹbí wọn, Gene Shields, ló rí tó ń fi egungun màlúù yọ̀ lórí okùn gìtá, tí gìtá náà ń ké bí ènìyàn. Fred kọ́ ọ. Ọ̀bẹ ló kọ́kọ́ ń lò, nígbà tó yá ó wá ń ki ọrùn ìgò bọ ìka.

Lọ́dún 1926, ó lọ ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ oúnjẹ ẹran ní Memphis. Lọ́dún 1928, ó kọjá sí Mississippi láti máa já òwú. Ní nǹkan bí ọdún 1940 ló fìdí kalẹ̀ sí Como.

Ilẹ̀ olókè ni agbègbè yẹn, orin búlúùsì wọn kò sì jọ ti àwọn ará Delta. Wọn kì í yí ohùn gìtá padà púpọ̀. Ìlù kan náà ni wọ́n ń tẹ̀ mọ́, kí oníjó má ba à dúró. Fred a máa kọ gbólóhùn dé ìdajì, á sì jẹ́ kí gìtá parí rẹ̀, bí gángan ṣe ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu olórin lọ́dọ̀ tiwa. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi roko lọ́sàn-án, tó sì ń ta gìtá lóde ijó lópin ọ̀sẹ̀, láìsí àwo orin kan ṣoṣo.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1959 ni Alan Lomax àti Shirley Collins gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ dé Como, torí àwọn onífèrè àti onílù tó wà níbẹ̀. Fred ti oko òwú dé, ó gbé gìtá rẹ̀ wá bá wọn. Láti ìgbà náà ni ayé ti mọ̀ ọ́n. Ó kọrin ní Newport lọ́dún 1964, ó sì dé Yúróòpù lọ́dún 1965. Lọ́dún 1971, àwọn Rolling Stones gbé orin ẹ̀mí kan tó ti kọ sínú àwo jáde.

Kò fi ìmọ̀ rẹ̀ pamọ́. R. L. Burnside, ọmọ agbègbè náà, kọ́ ọ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì gbé orin náà káyé kó tó kú lọ́dún 2005. Bonnie Raitt, ọ̀dọ́bìnrin aláwọ̀ funfun, náà kẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Àrùn jẹjẹrẹ ló pa Fred lọ́jọ́ 3, oṣù Keje, ọdún 1972. Wọ́n sin ín sí ìtòsí Como, ṣùgbọ́n wọ́n ṣi orúkọ rẹ̀ kọ sára òkúta ibojì. Ó di ọdún 1993 kí wọ́n tó fi òkúta mìíràn rọ́pò rẹ̀. Bonnie Raitt ló san owó rẹ̀. Ọmọ ẹ̀kọ́ ló tún orúkọ ọ̀gá ṣe.

Àwa tí a wà lájò ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Fred di ọmọ onílé ní Como láìju ohun tó kọ́ nílé nù. Kì í ṣe rédíò ló pa orin náà mọ́ fún un, òde ijó àti àwọn tó kọ́ ni. Ẹni tó bá mọ àpàlà tàbí sákárà lù nínú wa, kó pe àwọn ọmọ tí a bí síhìn-ín mọ́ra nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì le.