Frank Herbert: Ọkùnrin Tí Ìtàn Rẹ̀ Ju Fíìmù Kan Lọ

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti wo fíìmù Dune, mo sì ń gbọ́ tí àwọn kan ń bi ara wọn pé kí ló dé tí wọ́n fi gé ìtàn kan ṣoṣo sí méjì. Ìgbésí ayé ẹni tó kọ ìwé náà ni mo fẹ́ fi dáhùn.

Wọ́n bí Frank Herbert ní ọdún 1920 ní ìlú Tacoma, ní Amẹ́ríkà. Akọ̀ròyìn ni. Ní nǹkan bí ọdún 1957, ó lọ sí ìlú Florence ní ìpínlẹ̀ Oregon, létí òkun. Òkìtì iyanrìn ibẹ̀ kì í dúró sójú kan. Atẹ́gùn ń gbé e kiri, ó ń bo ọ̀nà mọ́lẹ̀, ìjọba wá ń gbin koríko sí i kó lè dúró. Herbert kàn fẹ́ kọ ìròyìn lórí rẹ̀ ni, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà gbà á lọ́kàn. Ìròyìn yẹn kò jáde rárá. Ìwé ńlá ló dà.

Nǹkan bí ọdún mẹ́fà ló fi ṣe ìwádìí tó sì fi kọ ọ́. Owó kò fi bẹ́ẹ̀ sí nílé. Beverly ìyàwó rẹ̀, tó ń kọ ìpolówó ọjà, ló ń gbọ́ bùkátà. Ká ní kò dúró ti ọkọ rẹ̀ ni, bóyá ni à bá rí ìwé kankan kà.

Ìtàn náà dá lórí Paul Atreides, ọmọ olóyè kan tí ìdílé rẹ̀ lọ jọba ní Arrakis, ayé tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ aṣálẹ̀. Omi ṣọ̀wọ́n níbẹ̀, ekòló tó tóbi ju ilé lọ sì ń gbé inú iyanrìn. Ọ̀tá pa bàbá Paul, òun àti ìyá rẹ̀ sì sá lọ bá àwọn ará aṣálẹ̀.

Ilé ìtẹ̀wé tó lé ní 20 ló kọ ìwé yìí. Chilton ló padà tẹ̀ ẹ́ ní 1965, ilé-iṣẹ́ tí àwọn èèyàn mọ̀ mọ́ ìwé àwọn mẹkáníìkì! Ìwé ọ̀hún gba ẹ̀bùn Hugo àti Nebula.

Bí wọ́n ṣe máa sọ ọ́ di fíìmù ló wá di wàhálà. Inú ọkàn àwọn èèyàn inú ìwé náà ni ìtàn pọ̀ sí: wọ́n á máa sọ ọ̀tọ̀, wọ́n á máa ro ọ̀tọ̀. Kámẹ́rà kò sì rí inú. Láàárín ọdún 1970 sí 1980, Alejandro Jodorowsky fẹ́ ṣe fíìmù tí yóò lé ní wákàtí mẹ́wàá, àmọ́ kò rówó ṣe é. Ní 1984, David Lynch rọ́ gbogbo rẹ̀ sínú wákàtí méjì àti díẹ̀. Ẹni tí kò ka ìwé kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ, fíìmù náà kò sì pa owó tí wọ́n ná lé e. Ọdún yẹn náà ni Beverly kú, kí fíìmù tó jáde. Herbert fúnra rẹ̀ kú ní ọjọ́ 11, oṣù kejì, 1986, lẹ́ni ọdún 65.

Lẹ́yìn ọdún 35 ni Denis Villeneuve pín ìwé kan yẹn sí méjì. Apá kìíní jáde ní 2021, ó gba Oscar mẹ́fà. Èkejì jáde ní 2024. Ọ̀kọ̀ọ̀kan lé ní wákàtí méjì ààbọ̀. Ṣé ẹ ti wá rí ìdí rẹ̀ báyìí? Ohun tí ẹnì kan fi ọdún mẹ́fà kó jọ, ìkánjú kò lè tú u palẹ̀.

Ohun tó dùn mí ni pé tọkọtaya yìí kò rí i. Síbẹ̀, ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ìtàn sẹ́yìn ìwé nóòtù yín lẹ́yìn prep, ẹ má fà á ya o. Ẹ fún un láyè kó gbó.