Fẹlá Ṣówándé: Ọwọ́ Kan, Ohùn Méjì

Nígbàkigbà tí olùtẹ dùùrù bá ṣí ìwé orin ní ọjọ́ ìsinmi, ohùn mẹ́rin ni ó ń bá pàdé nínú orin kọ̀ọ̀kan: ohùn òkè tí gbogbo ìjọ ń kọ, áátò, ténọ̀ àti báàsì. Ọwọ́ méjì péré ni Ẹlẹ́dàá sì fún un. Nítorí náà, ọwọ́ kan ní láti ru ẹrù ohùn méjì, kí ọ̀kan má sì bo èkejì mọ́lẹ̀. Láàárín àwọn ọmọ Yorùbá tí ó mọ iṣẹ́ yìí dé góńgó, Olóyè Fẹlá Ṣówándé wà níwájú.

A bí i ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún, ọdún 1905. Àlùfáà ìjọ Áńgílíkà ni baba rẹ̀. Ní Èkó, ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ C.M.S. Grammar School àti King's College, ó sì di ọmọ ẹgbẹ́ akọrin ní Cathedral Church of Christ, Marina. Ibẹ̀ ni ó ti bọ́ sọ́wọ́ olùkọ́ rere, T. K. Ekúndayọ̀ Phillips, ẹni tí ó jẹ́ olórí orin nínú ìjọ náà láti 1914 títí di 1962. Phillips kọ́ ọ ní dùùrù, ó sì fi iṣẹ́ Bach hàn án.

Ta ni Bach? Johann Sebastian Bach (1685 sí 1750) ni ọmọ Jámánì náà tí ó fi ẹ̀kọ́ yìí lélẹ̀ jù lọ. Ní 1723 ó parí ìwé orin kékeré 30 fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Nínú 15 àkọ́kọ́, ohùn kan wà fún ọwọ́ kọ̀ọ̀kan. Nínú 15 ìyókù, ohùn di mẹ́ta, ti àárín a sì máa bọ́ láti ọwọ́ kan sí èkejì. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti ń le.

Báwo ni a ṣe ń kọ́ ọ? Ní ọwọ́ ọ̀tún, ìka kẹrin àti ọmọńdinrín ni ó sábà máa ń gbé ohùn òkè, àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá a sì gbé ti ìsàlẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ a kọ́kọ́ tẹ ohùn kan ṣoṣo, pẹ̀lú ìka tí yóò lò fún un gan-an ní ìkẹyìn. Lẹ́yìn náà a tẹ èkejì. Lẹ́yìn èyí, a máa fi ẹnu kọ ọ̀kan bí ó ti ń fi ìka tẹ èkejì. Nígbà náà ni yóò tó pa méjèèjì pọ̀, ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Lórí dùùrù ńlá ilé ìjọsìn, bí ìka bá ti kúrò ni dídún dópin; nítorí náà, a máa ń fi ìka kan rọ́pò òmíràn láìjẹ́ kí ohùn náà já.

Ní àárín àwọn ọdún 1930, Ṣówándé lọ sí Lọ́ńdọ̀n láti kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ. Orin jáàsì ni ó fi ń bọ́ ara rẹ̀, orin náà ni ó sì gbà á lọ́wọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ pátápátá. Ọwọ́ tí ó ń tẹ pianó fún àwọn oníjó ni ó ń kọ́ Bach. Ní 1943 ó gba oyè Fellow ti Royal College of Organists, pẹ̀lú ẹ̀bùn Limpus, Harding àti Read. Láti 1945 sí 1952 ó jẹ́ olùtẹ dùùrù àti olórí akọrin fún ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ní Kingsway Hall, Lọ́ńdọ̀n.

Ṣùgbọ́n kò gbàgbé ilé. Èdè olóhùn ni Yorùbá. Bí orin bá gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ ti sọ̀ kalẹ̀, ìtumọ̀ a yí padà. Ìyà yìí sì jẹ ọ̀pọ̀ orin tí a fi ọ̀rọ̀ wa bọ ohùn òyìnbó. Ṣówándé mú orin ìbílẹ̀ àti orin ìjọ Yorùbá, ó fi wọ́n ṣe iṣẹ́ fún dùùrù: Ọyígíyigì, Ọbáńgíjì, Jésù Olùgbàlà, K'á Múra. Ohùn tí ó bá ọ̀rọ̀ mu dúró bí ó ti wà, àwọn ohùn yòókù sì ń rìn yí i ká. Bí ìka bá lọ́lẹ, tí ohùn kan bo èkejì, ọ̀rọ̀ inú orin náà ti sọnù nìyẹn. Ìdí nìyí tí ẹ̀kọ́ ọwọ́ kan, ohùn méjì, kì í fi í ṣe eré fún ìjọ Yorùbá.

Ó padà sílé ní 1953, ó ṣe olórí orin ní ilé iṣẹ́ rédíò ìjọba, ó sì ṣe ìwádìí ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ní 1968 ó lọ kọ́ni ní Yunifásítì Howard ní Amẹ́ríkà, lẹ́yìn náà ní Pittsburgh àti Kent. Ó sùn ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹta, ọdún 1987, ní Ravenna, ìpínlẹ̀ Ohio.

Ẹ̀yin ará ní Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkókómaikò, ẹ̀rọ dùùrù òde òní lè fi ìka kan ṣoṣo dá gbogbo ohùn sílẹ̀ fún ẹni tí kò kọ́ nǹkan kan. Ìrọ̀rùn ni, ṣùgbọ́n bí ó bá pẹ́ bẹ́ẹ̀, kò ní sí ẹni tí yóò lè ka áátò àti ténọ̀ fún akọrin mọ́. Àwọn ọ̀dọ́ wa kò jìnnà sí ẹ̀kọ́: a ń kọ́ orin ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó ní Ọ̀jọ́ níhìn-ín. Ẹ̀yin àlùfáà, ẹ fún olùtẹ dùùrù yín ní ìwé orin olóhùn mẹ́rin, kí ẹ sì ṣí ilẹ̀kùn ilé ìjọsìn fún un láàárín ọ̀sẹ̀. Orin kan lọ́sẹ̀, ohùn kan lẹ́ẹ̀kan. Bẹ́ẹ̀ ni Phillips ṣe rí ọmọ tí ó di Ṣówándé. Kí Olúwa gbé irú wọn dìde láàárín wa. Àmín.