Charles Kettering: Ọkùnrin Tó Gba Apá Àwọn Awakọ̀ Sílẹ̀

Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, ọkọ̀ bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe wàhálà láràárọ̀. Bí wọ́n bá yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì á jí, àmọ́ á máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà dá dúbúlẹ̀, títí ara rẹ̀ yóò fi gbóná. Bàbá mi ra bátìrì tuntun, kò yí nǹkan kan padà. Nígbà tí mẹkáníìkì dé, kò tilẹ̀ kọ́kọ́ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó ní kí wọ́n sítáàtì ọkọ̀, ó sì tẹ́tí. Ó ní sítátà ń yí kíákíá, torí náà bátìrì kọ́ ló ń ṣe é. Ó tú plọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó bá méjì tí èédú ti bò, ó pààrọ̀ wọn. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọkọ̀ náà jí wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ìyẹn ló mú mi lọ wádìí ẹni tó ṣe sítátà tí a fi ń jí ọkọ̀. Charles Franklin Kettering ni orúkọ rẹ̀. Inú oko nítòsí Loudonville, ní ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹjọ, ọdún 1876.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ rò pé ẹ ti pẹ́ jù ní yunifásítì, ẹ gbọ́ tirẹ̀. Ó kọ́kọ́ ṣe olùkọ́ ilé ìwé kékeré kó tó wọ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ohio. Ojú ń dùn ún débi pé kò lè kàwé, ló bá fi ilé ìwé sílẹ̀. Ó lọ ń bá àwọn tó ń ri òpó tẹlifóònù ṣiṣẹ́. Nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀, ó padà, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì ń ka ìwé sí i létí. Ọdún 1904 ló gboyè ẹnjinía, nígbà tó ti di ọmọ ọdún 27.

Iṣẹ́ tó kọ́kọ́ rí wà ní ìlú Dayton, ní ilé iṣẹ́ National Cash Register, tó ń ṣe ẹ̀rọ tí àwọn oníṣòwò fi ń ka owó ọjà. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí ẹ̀rọ náà. Kettering fi ẹ̀rọ iná kékeré kan sí i. Ohun tó rí níbẹ̀ ni pé ẹ̀rọ kékeré lè ṣe iṣẹ́ ńlá, bó bá jẹ́ pé ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ péré ló fẹ́ ṣe é, kó tó tún sinmi.

Lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́, òun àti Edward Deeds pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ wọn a máa pàdé nínú abà tó wà lẹ́yìn ilé Deeds. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ṣe ohun tó ń tanná sí epo inú ẹ́ńjìnnì, tí ilé iṣẹ́ Cadillac rà. Wọ́n dá ilé iṣẹ́ Delco sílẹ̀ ní ọdún 1909.

Nígbà yẹn, ẹni tó bá fẹ́ jí ọkọ̀ ní láti ki irin kan bọ iwájú rẹ̀, kó sì fi agbára yí i. Bí òtútù bá mú láàárọ̀, ìyà gidi ni. Bí ẹ́ńjìnnì bá sì ta padà lójijì, irin náà lè ṣẹ́ni lápá. Henry Leland, ọ̀gá Cadillac, fẹ́ kí irin yìí kásẹ̀ nílẹ̀. Àwọn ẹnjinía kan sọ pé kò lè ṣeé ṣe, pé ẹ̀rọ iná tó lè yí ẹ́ńjìnnì yóò tóbi jù. Kettering rántí ẹ̀rọ owó. Sítátà kò ní í ṣiṣẹ́ látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ló nílò. Bí ẹ́ńjìnnì bá sì ti jí, ẹ̀rọ kan náà yóò máa fi iná kún bátìrì padà. Ọkọ̀ Cadillac ti ọdún 1912 ni wọ́n kọ́kọ́ fi tà. Láti ìgbà náà, arúgbó àti obìnrin tí kò lágbára irin yíyí lè dá jí ọkọ̀ ara wọn.

Bí ìtàn rẹ̀ bá parí síbẹ̀, ìyìn nìkan ni ǹ bá kọ. Àmọ́ àwọn ènìyàn ń ráhùn pé ẹ́ńjìnnì ń kan gbàgbàgbà, wọ́n sì di ẹ̀bi ru ìtanná tí Kettering ṣe. Òun àti ọmọṣẹ́ rẹ̀, Thomas Midgley, wádìí rẹ̀, wọ́n sì rí i pé epo ló ń ṣe é, kì í ṣe ìtanná. Àyẹ̀wò gidi nìyẹn. Wọ́n mọ̀ pé ọtí líle tí a bá pò mọ́ epo lè dá kíkan náà dúró. Síbẹ̀, ní ọdún 1921, wọ́n rí i pé èròjà olójé díẹ̀ péré ń ṣe iṣẹ́ kan náà, ọ̀nà òjé ni wọ́n sì gbà. Kettering ló wà nídìí ìwádìí General Motors nígbà náà. Májèlé ni òjé. Ní ọdún 1924, òṣìṣẹ́ márùn-ún kú ní ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe é ní New Jersey. Síbẹ̀ wọ́n tún ń tà á, èéfín rẹ̀ sì wọ ẹ̀dọ̀fóró àwọn ọmọdé káàkiri ayé. Ọdún 2021 ni Algeria, orílẹ̀-èdè tó kẹ́yìn, ṣíwọ́ títa epo olójé fún ọkọ̀.

Kettering ran ìwádìí àrùn jẹjẹrẹ lọ́wọ́. Orúkọ rẹ̀ wà lára ilé ìwádìí Sloan-Kettering tí wọ́n dá sílẹ̀ ní New York ní ọdún 1945. Ó kú ní oṣù Kọkànlá, ọdún 1958, lẹ́ni ọdún 82.

Ẹni kan náà ló gba apá àwọn awakọ̀ sílẹ̀, òun náà ló wà nídìí oògùn tó wo ẹsẹ̀ sàn, tó fọ́ ojú. Mi ò lè fi ọ̀kan bo èkejì. Ohun tí mo mú níbẹ̀ ni pé ó mọ ibi tí àìsàn wà, ẹ́ńjìnnì sì dákẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìyẹn nìkan kò tó. Ó yẹ kéèyàn tún bèèrè ta ni yóò fa èéfín ìwòsàn náà símú.

Ní ti ọkọ̀ yín, bó bá ń gbọ̀n láàárọ̀, ẹ má sáré ra bátìrì. Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ohùn sítátà. Bó bá ń fà tìrọ̀tìrọ̀, ẹ wo bátìrì àti ojú ibi tí wáyà ti kàn án, bóyá ìpẹtà ti bò ó. Bó bá ń yí kíákíá tí ẹ́ńjìnnì ṣì ń gbọ̀n, ẹ wo plọ́ọ̀gì, lẹ́yìn náà ẹ wo ọ̀nà tí epo ń gbà dé ẹ́ńjìnnì. A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá.